Ẹ̀jẹ̀ Tí A Kí Káàbọ̀

Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo gúnlẹ̀ sí Ajido. Wọ́n jókòó yí ààrò ẹja ẹ̀gbọ́n mi ká, èéfín bò wọ́n lójú, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ló bímọ. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó fà mí mọ́ra.

"Àbúrò mi, wá gbọ́ o. Nǹkan oṣù mi ti padà dé!"

Òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ fún mi láti ìgbà pípẹ́ pé òun ti ṣíwọ́, pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àkísà fífọ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ti ní ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n obìnrin kan nínú wọn, tí Yorùbá rẹ̀ wúwo lẹ́nu nítorí Ègùn ni, nahùn pé, "Ọmọge la tún ní nínú agboolé yìí! Kí bàbá lọ ra ẹní tuntun!" Gbogbo wọn tún bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ń dán bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa lára. Ọkọ rẹ̀, apẹja tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti lọ ra ìró tuntun fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi ló tọ́ mi dàgbà. Ọmọ Mùsùlùmí ni wá, láàárín ìlú Àgbádárìgì. Bàbá wa ń ta àwo, abọ́ àti aṣọ tó ń wọlé láti ìhà Kútọ́nù. Ìyá wa kú kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo sì gbé títí tí mo fi mọ̀ ọ́n rìn. Nígbà tó sọ pé apẹja Ègùn kan, onígbàgbọ́, lòun fẹ́ fẹ́, bàbá wa kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹja tútù bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé wa ní àràárọ̀ Jímọ̀, bàbá sì jẹ ẹ́, ìjà parí. Bí mo bá gba ìsinmi ilé ìwé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ajido ni mo ń lọ.

Ìgbà náà ni owó epo ń ṣàn nílẹ̀ wa. Ọkọ̀ tó kún fún ìrẹsì, símẹ́ńtì àti aṣọ léèsì kì í yé gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan fún wa, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, wọ́n sì mú dókítà kan wá láti Íńdíà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń tẹríba kí àwọn obìnrin kó tó bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn ìyá bá gbé ọmọ wá fún ìwọ̀n, yóò ní kí wọ́n má tíì lọ. Ó ní òun fẹ́ wo ẹnu ilé ọmọ wọn. Òun yóò fi igi pẹlẹbẹ kan ha á díẹ̀, òun yóò pa á mọ́ ara gíláàsì, gíláàsì náà yóò lọ sí Èkó, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ọ̀sì ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Ègùn àti sí Yorùbá.

"Ó ní àìsàn kan wà tó máa ń sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún," ni nọ́ọ̀sì wí. "Kò ní dùn yín, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Ó ní kí á wá a kàn nígbà tó ṣì ń sùn."

Èmi ni mo pọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí láàárín àwọn ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá náà. Kò pẹ́ rárá tó fi sáré jáde, ó di ìró rẹ̀ mú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ràn.

"Jẹ́ ká lọ! Jẹ́ ká lọ!"

A dé inú ọkọ̀ ojú omi kó tó lè sọ ohun tó rí. Ó ní irin kan ni dókítà náà gbé dání, tó dà bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, tó ń là, tó ń pàdé. "Ẹnu pẹ́pẹ́yẹ, àbúrò mi! Ó fẹ́ ki ẹnu pẹ́pẹ́yẹ bọ̀ mí lábẹ́!" A rẹ́rìn-ín títí tí atukọ̀ fi kígbe mọ́ wa pé kí a má dojú ọkọ̀ òun dé. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó ní ó dára bó ṣe sá, pé ọkùnrin wo ló ń wo ibẹ̀ yẹn. Láti ìgbà náà, kò sí ìkómọjáde tí ẹ̀gbọ́n mi kì í ti í sọ ìtàn pẹ́pẹ́yẹ. Yóò fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ẹnu rẹ̀, yóò sì máa lé àwọn ìyàwó ilé kiri àgbàlá.

Nígbà tó yá, owó epo náà dáwọ́ dúró. Wọn kò sanwó oṣù mọ́ lákòókò, dókítà Íńdíà padà sílé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Òrùlé ń jò. Àwọn kan wá gbé ibùsùn tí wọ́n fi ń yẹ obìnrin wò lọ, ewúrẹ́ sì ń bímọ sínú yàrá yẹn. Bí obìnrin bá lóyún, wọ́n á wọn ikùn rẹ̀. Bí ọmọ bá ní ibà, wọ́n á fún un ní oògùn bó bá wà. Ṣùgbọ́n kò tún sí ẹni tó béèrè ẹnu ilé ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ náà parẹ́ bí ìgbà tí a kò sọ ọ́ rí.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi padà dé, mo ti ń ṣe tíṣà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Aradagun. Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá fún àwọn ọmọ wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí a ti jókòó tí a ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ igi, mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un, mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Tíṣà," ó ní, "obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dá dúró pátápátá kì í tún rí i. Ẹ̀jẹ̀ yẹn kì í ṣe nǹkan oṣù. Ẹ tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò."

Ọ̀sẹ̀ náà ni mo gba Ajido lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ mi tán, ó wò mí bí ẹni tí mo já ilẹ̀kẹ̀ gbà lọ́rùn rẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà ń jowú mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ní—"

"Nọ́ọ̀sì mélòó ni mo ti rí? Ara ò dùn mí. Mò ń jẹun, mò ń yan ẹja. Bí Ọlọ́run bá fún èèyàn ní nǹkan lẹ́ẹ̀kejì, ṣe ló yẹ kéèyàn máa gbé e kiri ilé ìwòsàn?"

Mo tún lọ, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó kó ẹja yíyan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n kí àwọn ọmọ ilé ìwé mi. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé kò jókòó sí ibi tó máa ń jókòó mọ́. Ó ti sún mọ́ ààrò gan-an, débi pé iná ń ta á lẹ́sẹ̀, èéfín sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Kódà nígbà tí kò sí ẹja lórí ààrò, yóò da èèpo àgbọn sí i, yóò jókòó tì í. Àwọn obìnrin ń yìn ín pé kò mọ ìsinmi.

Òun ló ránṣẹ́ sí mi níkẹyìn. Ó mú mi wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

"Gbóòórùn mi," ó ní.

Mo ní òórùn èéfín ni mò ń gbọ́.

"Sún mọ́ mi."

Mo sún mọ́ ọn. Ó tú ìró òkè, ó tú ti abẹ́ rẹ̀, ó tú àkísà tó fi di ara rẹ̀. Mi ò ní sọ ohun tí mo gbọ́. Ojú mi ló fi mọ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan mọ́," ó ní. "Omi ni. Kò dá. Bó bá tú, gbogbo ilé á máa rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ààrò gbé. Ara mi ni mò ń yan, àbúrò mi."

A lọ sí Èkó, sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé Àgbádárìgì, a wọ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n mi ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ náà, ó so káfúrà olóòórùn mọ́ etí ìró, ó wọ aṣọ lé aṣọ. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí oòrùn mú, tí mọ́tò sì dúró níbi tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń tú ẹrù, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ọkùnrin kan di imú.

"Ta ló gbé ẹja tó ti jẹrà wọ inú ọkọ̀? Ẹ gbé e jù síta!"

Ẹ̀gbọ́n mi ló yíjú padà, ó ní, "Èmi ni, ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹja mi ló bàjẹ́. Mo fẹ́ gbé e dé ibi tí mò ń lọ." Ọkùnrin náà kùn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Èkó, kò sì jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ obìnrin, ọ̀dọ́. Ó bẹ̀bẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n jẹ́ kí n dúró tì í. Nígbà tí wọ́n mú irin náà jáde, ẹ̀gbọ́n mi wò ó dáadáa, ó ní, "Ó ti dé náà." Kò sá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀jẹ̀ dà sórí ibùsùn bí ẹni tú omi láti inú igbá.

"Màmá," ni dókítà wí nígbà tó parí, "ṣé ẹnikẹ́ni ti wo ibẹ̀ fún yín rí, nígbà tí ara yín ṣì le?"

Ẹ̀gbọ́n mi sọ ìtàn dókítà Íńdíà fún un. Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ níbi ìkómọjáde; ó tilẹ̀ gbé ọwọ́ tó ti gbẹ sókè, ó fi ṣe ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Ó ń retí kí dókítà rẹ́rìn-ín. Dókítà ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì gbé ojú sókè.

Ó pè mí síta. Ó ní jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni, pé ó ti ràn dé àpò ìtọ̀, ó sì ti dé ìhà ẹ̀yìn. Mo béèrè bóyá wọn kò lè gé e. Ó mi orí. Ó ní nígbà tó ṣì ń sùn, ohun tí wọn ì bá mú kúrò kò tó èékánná, ẹ̀gbọ́n mi ì bá sì ti padà sídìí ẹja rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ní báyìí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ ló kù, ẹ̀rọ náà sì ti bàjẹ́. Wọ́n ń retí ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe láti òkè òkun. Ìbàdàn ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí ìlà níbẹ̀ pọ̀.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Àǹtí?" ó bi mí. "Wọ́n ti yẹ yín wò rí?"

Mo ní kò sí ohun tó ń ṣe mí.

"Ẹni tí kò sí ohun tó ń ṣe gan-an la ń wá."

A padà lọ síbẹ̀ léraléra. "Kò tíì ṣiṣẹ́ o, ẹ máa gbàdúrà," ni wọ́n ń sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ náà, tí ẹ̀gbọ́n mi ń gba ẹ̀jẹ̀ sára lórí bẹ́ńṣì, dókítà yẹn rí mi, ó fà mí wọ inú yàrá. Mo dùbúlẹ̀. Mo pa ojú dé. Irin náà tutù, mo gbọ́ bó ṣe ta kẹ́kẹ́, nǹkan kan fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn mí bí ìgbà tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ nu etí. "Ó ti parí," ni dókítà wí. Mo ṣì dùbúlẹ̀, mo ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé kí n máa padà wá bí ọdún mélòó kan bá kọjá, inú mi kò lè dùn.

Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ títí ẹ̀gbọ́n mi kò fi lè wọ mọ́tò mọ́. Wọ́n fún un ní oògùn ìrora tí kì í tó. Ọkọ rẹ̀ ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ní kò sí ọkùnrin tó gbọ́dọ̀ wo ibẹ̀ yẹn, òun ló ń kó àkísà ẹlẹ́jẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà ní ojúmọmọ, lójú gbogbo apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́sí kò fi bẹ́ẹ̀ yà mọ́. Bí wọ́n bá yà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ó béèrè ọ̀rọ̀ kan tí mi ò retí.

"Ìwọ tí wọ́n ṣe é fún. Ṣé ó dùn ọ́?"

Mo fẹ́ purọ́. Bí mo bá ní ó dùn mí, bóyá ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi ní òótọ́ sísọ láti kékeré.

"Kò dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ó kàn tutù ni."

"Ó pẹ́?"

"Èèyàn kò ní ka Fátíhà tán kó tó parí."

Mo gbọ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kọjá lórí ọ̀sà.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó yíjú sí ògiri. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ, àfi bí mo ṣe rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Gbogbo ìrora tí mo bá a rí, mi ò rí ẹkún rẹ̀ àyàfi lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dárúkọ. Ó ní kí n mú un lọ fún àyẹ̀wò. Ó ní bó bá kọ̀, kí n so ó lókùn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú. Àwọn ará ọkọ rẹ̀ sin ín sẹ́yìn ilé ní Ajido, wọ́n kọrin ṣọ́ọ̀ṣì, èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń ka àdúrà tí mo mọ̀.

Ọmọ rẹ̀ tí mo pọ̀n lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́sí ti di ìyá ọmọ. Gbaji ló ń gbé, létí ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀, ó ń ta búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn awakọ̀. Mo ti lọ bá a ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ó máa ń gbé àga fún mi, ó máa ń kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu ọ̀rọ̀ náà, ojú rẹ̀ á le.

"Àǹtí, ẹ má pe nǹkan yẹn lé mi lórí. Ohun tó pa ìyá mi kì í ṣe ìpín mi."

"Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpín. Wọ́n kàn fẹ́ wò ó ni."

"Ẹni tó bá ń wá nǹkan ló ń rí nǹkan."

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan gbé gbohùngbohùn gba àárín ìlú Àgbádárìgì kọjá, wọ́n ní kí gbogbo obìnrin wá fún àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ, pé fínígà, omi kíkan lásán, ni wọ́n máa fi wò ó, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni wọ́n sì máa sọ ohun tí wọ́n rí. Mo gba Gbaji lọ. Mi ò mọ ohun tó rọ ọkàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bóyá ó rí i pé arúgbó ti ń dé sí mi. Ó ní òun á wá.

Ó wá lóòótọ́. Ó wọ aṣọ tó mọ́, ó ti gbààwẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, ètè rẹ̀ gbẹ. A jọ rìn dé ilé ìwòsàn. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin díẹ̀ jókòó sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, wọ́n gbé ọmọ lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà ní àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, pé àwọn tó wá láti Èkó ti kó ẹrù wọn padà.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa padà wá?" ni mo bi í.

"Màmá, wọn ò sọ fún mi. Ẹ máa yà wò."

Mo di ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú, mo ní kí á gba Èkó lọ wàràwàrà, pé mo mọ ibi kan. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín ló ń rín, ẹ̀rín ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

"Àǹtí, ẹ ò rí i? Mo ní kí Ọlọ́run fi hàn mí bóyá kí n ṣe é tàbí kí n má ṣe é. Ó ti dá mi lóhùn."

"Ọlọ́run kọ́ ló ti ilẹ̀kùn yẹn! Àwọn òṣìṣẹ́ ni!"

Ó ti nawọ́ sí ọ̀kadà. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀, ó gun ún, ó lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin tó jókòó sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá mo jẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní bí mo bá rí wọn, kí n bá òun bẹ̀ wọ́n, ọ̀nà òun jìn.

Mi ò rí wọn. Lọ́jọ́ tí mo tún lọ sí Gbaji, tírélà méjì dúró síwájú ìsọ̀ rẹ̀, àwọn awakọ̀ ń pè é láti òkè. Mo jókòó títí wọ́n fi rà tán. Mo béèrè pé, "Ṣé a máa lọ sí Èkó lóṣù tó ń bọ̀?" Ó ń to búrẹ́dì rẹ̀ sórí àtẹ, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n tajà." Mọ́tò mìíràn ti ń dẹ eré, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ti sáré lọ bá a.